Ìsọ̀ Kọ́ Ló Ń Sọ Ilẹ̀ Di Ọjà

Òótọ́ àti irọ́ nípa dídá ọjà abúlé sílẹ̀ àti bíbójú tó o

Ẹni tó bá ń rin ọ̀nà oko wa déédéé yóò ti rí i rí: ìsọ̀ oníbúlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi páànù tuntun bò, tí wọ́n kùn lọ́dà, tí orúkọ ẹni tó kọ́ ọ hàn gàdàgbà lára ògiri, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ewúrẹ́ nìkan ló ń sùn níbẹ̀. Bí ó bá rìn síwájú díẹ̀, yóò bá àwọn obìnrin lábẹ́ igi odán ní oríta. Wọ́n tẹ́ àpò sílẹ̀, wọ́n to iṣu, ata àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé e, èrò sì ń wọ́ tọ̀ wọ́n.

Abúlé tó ń wá ọjà tirẹ̀ pọ̀ lónìí, wọn ò sì jẹ̀bi. Owó ọkọ̀ ti wọ́n. Àgbẹ̀ tó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátò méjì lọ sí ìlú, tó san owó ọkọ̀, tó san ti alábàárù, tó tún san owó ilẹ̀ tó pàtẹ sí, lè padà sílé pẹ̀lú owó tí kò tó ra kóńgò ìrẹsì. Bí ọjà bá súnmọ́ oko, owó náà á kù sọ́wọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n àdéhùn ni ọjà: àdéhùn lórí ọjọ́, lórí òṣùwọ̀n, lórí owó, lórí ìmọ́tótó. Ibi tí àdéhùn bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọjà a dúró. Ibi tó bá ti yẹ̀, kò sí páànù tó lè gbé ọjà náà ró. Irọ́ tó ń pa ọ̀pọ̀ ọjà abúlé kí wọ́n tó dàgbà pọ̀ lẹ́nu wa. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Irọ́: Bí a bá ti kọ́ ìsọ̀, èrò á wá.

Òótọ́: Èrò ló ń fa ìsọ̀, ìsọ̀ kì í fa èrò. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka dídá ọjà sílẹ̀ àti bíbójú tó o mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè bá káńsù wí pé ó kọ́ ìsọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni pé ilẹ̀ tó rọrùn láti rí gbà ni wọ́n sábà máa ń kọ́ ọ sí, kì í ṣe ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà kọjá.

Ẹ wá ibi tí ọ̀nà oko mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti pàdé. Ẹ wò ó bóyá ọkọ̀ akẹ́rù lè yí padà níbẹ̀ láìrì sínú ẹrẹ̀ lóṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò kì í dá. Ẹ wo òjìji, ẹ wo omi, ẹ wo ibi tí a lè gbẹ́ ṣáláńgá sí tí yóò jìnnà sí kànga. Lẹ́yìn náà, ẹ máa lọ láti ojúlé dé ojúlé: ta ni yóò gbé kí ni wá, báwo ló ṣe pọ̀ tó, oṣù wo ló ń jáde lóko? Bí ẹ bá rí ogún èèyàn tó fi ẹnu ara wọn sọ pé àwọn yóò pàtẹ, ọjà ti ń bọ̀ nìyẹn. Àtíbàbà ọparun àti imọ̀ ọ̀pẹ tó fún ọdún kìíní. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀nà ni èrò fẹ́ràn láti dúró sí, ẹ lè tú àtíbàbà kí ẹ gbé e tẹ̀ lé wọn. Búlọ́ọ̀kù kò ṣe é gbé.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹbí tó fi ẹ̀rín yọ̀ǹda ilẹ̀ lónìí lè ní ọmọ tí yóò wá béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọjà bá kún. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i níwájú baálẹ̀ àti ẹlẹ́rìí. Kí ìwé náà sọ ibi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, kí ó sì sọ ohun tí ẹbí yóò máa gbà, bí wọn yóò bá gba ohunkóhun.

Irọ́: Ọjà tó bá fẹ́ gbèrú gbọ́dọ̀ máa wáyé lójoojúmọ́.

Òótọ́: Ojoojúmọ́ ló ń pa ọjà kékeré. Àgbẹ̀ ò lè pa oko tì kó máa jókòó ti àtẹ láràárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ará abúlé kò ní owó tí yóò máa ná lójoojúmọ́. Bí ọlọ́jà mẹ́wàá bá ń jókòó wo ara wọn lójú láti àárọ̀ dalẹ́, kí oṣù tó parí, wọn á ti ku mẹ́ta. Ọgbọ́n tí àwọn baba wa dá sí i ni ọjà ọrọọrún: kí a kó ríra àti títà ọjọ́ púpọ̀ jọ sí ọjọ́ kan ṣoṣo, kí olùtà rí olùrà, kí olùrà sì rí ohun tó ń wá. Nítorí pé Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún ń padà wá, ọjọ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ sì ni ti ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án.

Ọgbọ́n náà kò mọ síbẹ̀. Àwọn ọjà tó múlé ti ara wọn máa ń pín ọjọ́ láàárín ara wọn, kí ọjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè wà lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí alájàpá lè ti èyí bọ́ sí èyí. B. W. Hodder, òyìnbó tó ṣe ìwádìí lórí ọjà ilẹ̀ Yorùbá, ṣàlàyé ètò yìí nínú iṣẹ́ rẹ̀, òun àti U. I. Ukwu sì gbé ìwé jáde ní ọdún 1969 lórí ọjà ilẹ̀ Yorùbá àti ti Ìgbò. Abúlé tó bá fi ìgbéraga mú ọjọ́ tí ọjà ńlá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń wáyé ti bá ara rẹ̀ jà. Ọkọ̀ tó yẹ kó yà sí ọ̀dọ̀ wọn yóò máa fi wọ́n sílẹ̀ lọ.

Ẹ sì wo ohun tí ọrọọrún ń ṣe sí kàlẹ́ńdà. Ọjà tó bọ́ sí ọjọ́ Ajé lọ́sẹ̀ yìí, ọjọ́ Ẹtì ni yóò kàn, lẹ́yìn rẹ̀ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn rẹ̀ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn rẹ̀ Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀, kó tó tún padà sí ọjọ́ Ajé lẹ́yìn ọjọ́ 28. Ọmọ bíbí abúlé kò ní ṣì í kà. Ṣùgbọ́n tíṣà, nọ́ọ̀sì àti ará ìlú tó ń gbowó oṣù, tó jẹ́ pé Àbámẹ́ta nìkan ló ń ráyè ra oúnjẹ, kò ní lè máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ẹ fẹ́ tà fún. Bó bá jẹ́ alájàpá tó ń yí láti ọjà dé ọjà ni, ẹ di ọrọọrún mú. Bó bá jẹ́ pé ẹ wà létí títì márosẹ̀ tí ará ìlú ń gbà kọjá ni, ẹ mú ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀. Èyí tí ẹ bá mú, ẹ má yẹ̀ ẹ́. Bí ọba bá wàjà tàbí tí orò fẹ́ jáde, tí ọjà sì gbọ́dọ̀ tì, kí ìròyìn ti dé etí àwọn ọlọ́jà àti awakọ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́.

Irọ́: Alájàpá ni ọ̀tá àgbẹ̀. Ẹ lé wọn kúrò, kí àgbẹ̀ nìkan máa tà.

Òótọ́: Ta ni yóò ra ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ kan tán ní abúlé tí kò sí ilé tí kò gbin ẹ̀gẹ́? Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti hú, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló ti ń bà jẹ́ nínú. Alájàpá ló gbé owó wá, ló gbé àpò wá, ló háyà ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá kọṣẹ́ lójú ọ̀nà tí ọjà jẹrà, òun ló gbé àdánù náà. Ọjà abúlé tó bá lé e jáde, ẹnu ará abúlé nìkan ló kù tí yóò máa jẹ ohun tí abúlé gbìn.

Àìmọ iye tí ọjà ń lọ àti ìdánìkantà ló ń jẹ àgbẹ̀ níyà. Alájàpá mọ iye tí wọ́n ń ta àpò gàrí n'Íbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Àgbẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ìpè fóònù kan sí ọmọ ìyá ẹni tó ń gbé ní ìlú tó láti wo èyí sàn. Kí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ ọjà máa pe ìlú láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, kí ó kọ iye tí nǹkan ń lọ sójú pátákó kí ìnájà tó bẹ̀rẹ̀. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà: àgbẹ̀ mẹ́wàá tó kó àpò wọn jọ, tí wọ́n sì rán ẹnì kan láti bá alájàpá dúnàádúrà, kò ní gba iye tí ẹnì kan tí òjò ń lé yóò gbà.

Èyí tó burú jù ni owó tí a gbà sílẹ̀. Àgbẹ̀ tó gba owó lọ́wọ́ alájàpá lóṣù kẹrin nígbà tí ebi ń pa ilé, ó ti ta àgbàdo rẹ̀ kó tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà, kò ní ẹnu ọ̀rọ̀. Ibi tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wúlò nìyí, òfin wọn sì ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1935. Ẹgbẹ́ tó bá ń yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó díẹ̀ lásìkò ìyàn ti ra òmìnira fún un lásìkò ìkórè.

Àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í wá sọ́jà láti tà nìkan. Lẹ́yìn tó bá ta iṣu tán, iyọ̀ ni yóò rà, àti ẹja, ọṣẹ, àdá, bàtà iléèwé ọmọ. Bí kò bá rí wọn lórí àtẹ, yóò gbé owó náà lọ sí ọjà mìíràn, ibẹ̀ náà ni yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣu rẹ̀ lọ. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ẹlẹ́ja, aláṣọ, ẹni tó ń pọ́n àdá, ẹlẹ́kọ àti alákàrà. Wọ́n wà lára ohun tó ń mú kí owó oko sùn sí abúlé.

Irọ́: Kóńgò ni kóńgò, kò sí èyí tó ju èyí lọ.

Òótọ́: Ẹ wo obìnrin tó mọ gàrí wọ̀n. Ó bu gàrí sínú kóńgò títí tó fi kún, ó fi apá òsì yí ẹnu kóńgò ká bí ọgbà, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún da gàrí sáàárín títí tó fi ga ṣóńṣó. Nígbà tó bá rọra yọ apá rẹ̀, èyí tó yẹ kó dà sílẹ̀ á dà. Ó da ìyókù sínú ọ̀rá oníbàárà, ó tún fọwọ́ bù díẹ̀ lé e, ó ní, "Ènì rẹ nìyẹn o." Oníbàárà náà yóò padà wá.

Ẹlòmíràn a máa lu ìdí kóńgò láti ìta kí ó lè wọnú. A máa gé ẹnu rẹ̀ kúrò díẹ̀. A máa tẹ ọwọ́ sínú rẹ̀ bó ti ń wọ̀n ọ́n. Ìwà yìí kì í sì í ṣe ti olùtà nìkan. Alájàpá kan a gbé àpò tó ti fi okùn hun orí rẹ̀ ga wá, a ní kí àgbẹ̀ kún un dé òkè, a sì san owó àpò kan. Àgbẹ̀ tó kún irú àpò bẹ́ẹ̀ ti fi ohun tó tó kóńgò mélòó kan ta á lọ́rẹ, kò sì mọ̀.

Ohun tí yóò mú èyí kúrò kò wọ́n. Kí ọjà ní kóńgò kan ṣoṣo tí yóò jẹ́ òdiwọ̀n, tí yóò máa wà lọ́wọ́ Ìyálọ́jà. Kí gbogbo olùtà gbé tiwọn wá lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta: a ó rọ omi kún kóńgò òdiwọ̀n, a ó dà á sínú ti olùtà. Èyí tí omi bá kún tó sì ṣẹ́kù sílẹ̀ kéré jù. Kí wọ́n lù ú fọ́ lójú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n sì tún ta òmíràn fún onítọ̀hún ní iye tí wọ́n rà á. Fún àpò, ẹ ra ìwọ̀n aláfàkọ́ tó ń ka kílò, kí ẹ gbé e kọ́ sábẹ́ àtíbàbà níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i. Bí àgbẹ̀ àti alájàpá bá ti ń fi kílò bá ara wọn sọ̀rọ̀, ìjà á dínkù, ọ̀rọ̀ àpò gíga àti àpò kúkúrú á sì tán.

Irọ́: Bí a bá fi òfin gé owó ọjà wálẹ̀, oúnjẹ á pọ̀.

Òótọ́: Wọ́n ti dán an wò ní ilẹ̀ yìí, ó sì já sófo. Ní àkókò Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi iye kan lélẹ̀ fún gàrí àti àwọn oúnjẹ mìíràn l'Ékòó, wọ́n sì fi Kápútẹ́nì A. P. Pullen sídìí ètò náà. Iye tí wọ́n fi lélẹ̀ kò bá ohun tí àwọn obìnrin ń ná láti ra ọjà lóko àti láti gbé e dé Èkó mu. Alimotu Pelewura, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó, kọ̀ jálẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì dúró tì í. Gàrí wábi gbà, ó kúrò lórí àtẹ, ó di ohun tí wọ́n ń tà ní kọ̀rọ̀ ní iye tó ga ju ti òfin lọ. Ní ọdún 1945, ìjọba mú ètò náà kúrò. Ẹni tó ń ra ọjà lóko mọ ohun tó ná an. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì kò lè fi kálàmù ṣe é fún un.

Ṣùgbọ́n bí ìjọba kò ṣe gbọ́dọ̀ fipá gé owó, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ ọlọ́jà kò gbọ́dọ̀ fipá gbé e sókè. Àwọn ẹgbẹ́ kan wà tí wọn kì í jẹ́ kí àgbẹ̀ tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ já ẹrù sílẹ̀, tí wọ́n ń dá ọkọ̀ tòmátò dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ọjà má bàa pọ̀. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2018 kò fàyè gba kí àwọn oníṣòwò gbìmọ̀ pọ̀ láti so iye ọjà mọ́lẹ̀. Ọjà tuntun gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kò sí àgbẹ̀ tí a ó dá padà nítorí pé kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni kó máa parí ìjà, kó máa tún ọjà ṣe, kó máa ran ẹni tó ṣàìsàn lọ́wọ́. Iye ọjà wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń ná an.

Irọ́: Ohun tó bá ti oko wá kì í ní ewu nínú.

Òótọ́: Ọ̀nà kúkúrú láàárín oko àti ọjà dára, ṣùgbọ́n kò tó láti mú oúnjẹ mọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò tí wọ́n fi kábáìdì mú pọ́n wà ní ọjà abúlé bó ṣe wà ní ti ìlú. Ara rẹ̀ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, inú rẹ̀ á le, kò sì ní dùn. Kábáìdì máa ń ní èérí àsẹ́níìkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú, NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, sì ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ léraléra. Ẹ̀wà tí wọ́n da oògùn kòkòrò lé náà ń bẹ. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré oògùn kòkòrò dichlorvos ní gbangba ọjà, nítorí bí àwọn ènìyàn ṣe ń lò ó ní ìlòkulò.

A kò gbọ́dọ̀ fi ìkìlọ̀ nìkan sílẹ̀ fún àgbẹ̀ láìfún un ní ohun tí yóò fi rọ́pò. Fún ẹ̀wà, àpò onípele mẹ́ta wà: ọ̀rá méjì nínú, àpò líle níta. Bí a bá kún un tí a sì so ó pa pinpin, kòkòrò inú rẹ̀ á lo afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ tán, á kú, láìsí ẹ̀kán oògùn kankan. Fún ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí a jẹ́ kó gbó dáadáa lórí igi, kí a bò ó, yóò pọ́n fúnra rẹ̀. Fún tòmátò, ẹ jẹ́ kí a fi apẹ̀rẹ̀ ńlá sílẹ̀: èyí tó wà lókè a máa tẹ ti ìsàlẹ̀ títí omi á fi máa jò nídìí ọkọ̀. Àpótí oníke tí kò jìn, tó ní ihò lára, ló ń dáàbò bò ó.

Àgbàdo àti ẹ̀pà ni mo fẹ́ kí ọwọ́ wa le lé lórí jù. Àwọn tó bu lè ní oró kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, ẹ̀dọ̀ ni ó sì ń bà jẹ́. Sísè kì í pa á tán, yíyan kì í pa á tán. Àwọn onímọ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn, wà lára àwọn tó ṣe Aflasafe, ohun tí àgbẹ̀ lè fọ́n sóko láti dín oró náà kù. Ṣùgbọ́n ní ojú ọjà, ìlànà tó rọrùn ni pé ọjà tó bu kò gbọ́dọ̀ jókòó lórí àtẹ. Kí ẹnikẹ́ni má sì sá ẹ̀lùbọ́ tàbí láfún sórí títì, níbi tí táyà ọkọ̀ ti ń gbé èérí wá. Orí àkéte ọparun tó ga kúrò nílẹ̀ ni kó wà.

Irọ́: Ọjà kì í gbèrú àfi tí a bá ri nǹkan mọ́lẹ̀ fún àwòrò.

Òótọ́: Mi ò bá ẹnikẹ́ni du ìgbàgbọ́ rẹ̀. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni Yorùbá ti ń fi Èṣù sójú ọjà, àlùfáà ìjọ àti ààfáà náà sì ń gbàdúrà fún ọjà lóde òní. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tirẹ̀, kó ṣe é. Ṣùgbọ́n owó tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹgbẹ́ kó wá fún àwòrò, ẹ fi gbẹ́ ṣáláńgá. Obìnrin tó ti àárọ̀ jókòó sọ́jà láìríbi tọ̀ kò ní pẹ́ kó tó wábi mìíràn lọ.

Irọ́ yìí tún ní ìpalára mìíràn. Obìnrin tí ọjà rẹ̀ bá ń yá ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní ó ti lo nǹkan. Ẹ lọ wo àtẹ rẹ̀ kí ẹ tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti ṣa ata tó rà kúrò láàárọ̀. Ó wọ́n omi sórí ẹ̀fọ́ rẹ̀, ó sì fi ewé bò ó. Ó ní owó wẹ́wẹ́ láti fi dá ṣẹ́ńjì padà. Ó mọ orúkọ ọmọ oníbàárà rẹ̀. Nǹkan tó lò nìyẹn.

Irọ́: Ọjà tó bá ń gba owó lọ́wọ́ ọlọ́jà, ìrẹ́jẹ ni.

Òótọ́: Gbígbá ọjà, ìṣọ́ òru, gbígbé pàǹtí àti ṣáláńgá ní owó tí wọ́n ń jẹ. Ọjà ọ̀fẹ́ tí kò sẹ́ni tó ń gbá a kì í pẹ́ di ààtàn. Ohun tó ń lé èrò ni kí agbowó mẹ́ta pàdé ìyá arúgbó kan tó ru ìdì ẹ̀fọ́ méjì: ẹnì kan ní káńsù ló rán òun, ẹnì kan ní ẹgbẹ́ ni, ẹ̀kẹta ní ọmọ onílẹ̀ ni òun. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 1998 lórí owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà fi owó ọjà abúlé bẹ́ẹ̀ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni gbégi dínà láti gba owó orí.

Kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀, kí ìgbìmọ̀ lọ jókòó pẹ̀lú káńsù àti ẹbí onílẹ̀, kí wọ́n fẹnu kò sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo àti bí wọn yóò ṣe pín in. Kí owó ìpàtẹ tẹ̀ lé bí ẹrù ṣe tó: ẹni tó gbé igbá kan kò gbọ́dọ̀ san iye tí ọlọ́kọ̀ ń san. Ẹni tó ń gbowó kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń ná an. Kí wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sójú pátákó ní gbogbo ọjọ́ ọjà: èyí tó wọlé, èyí tí a ná àti ohun tí a ná an lé, èyí tó kù. Bí ọlọ́jà bá rí i pé owó òun ló ra ìgbálẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ pàǹtí, kò ní máa sá fún agbowó.

Irọ́: Ọjà tí kò kún lọ́jọ́ kìíní, kò ní kún mọ́.

Òótọ́: Ọjọ́ kìíní kì í sọ òtítọ́. Ìlù á dún, olóṣèlú á wá ya fọ́tò, gbogbo abúlé á jáde wòran. Ọjọ́ ọjà kejì àti ìkẹta ni a máa ń mọ ẹni tó fẹ́ ọjà. Oko pàápàá kì í mú ohun kan náà wá láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Àgbàdo tútù á kún ojú ọjà nígbà òjò, iṣu tuntun á tẹ̀ lé e, ẹ̀fọ́ àti tòmátò àkùrọ̀ á gba ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Oṣù kan á wà láàárín wọn tí àtẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ẹni tó bá da ọjà rú lóṣù yẹn kò tíì rí ìparí ọdún rẹ̀.

Nítorí náà, kí àwọn tó dá ọjà sílẹ̀ máa pàtẹ fúnra wọn ní gbogbo ọjọ́ ọjà, bí òjò ń rọ̀, bí oòrùn ń mú. Kí Ìyálọ́jà jẹ́ ẹni tó ń tà níbẹ̀, tí àwọn tó ń tà níbẹ̀ fi ẹnu ara wọn yàn, kì í ṣe ẹni tí olóṣèlú gbé lé wọn lórí láti ìlú. Kí akọ̀wé ní ìwé kan tí yóò máa kọ nǹkan mẹ́rin sí bí ọjà bá ti ń tú: iye àwọn tó pàtẹ, ohun tó kọ́kọ́ tán, ohun tó kù sílẹ̀, àti ohun tí àwọn ènìyàn béèrè tí wọn kò rí. Èyí tó kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù, nítorí pé ohun tí wọ́n béèrè tí wọn kò rí lónìí ni ó yẹ kí àgbẹ̀ gbìn sílẹ̀ dè wọ́n, tàbí kí alájàpá gbé bọ̀.

Abúlé tó bá lè pa ọjọ́ kan mọ́ fún ọdún kan gbáko, tí kóńgò rẹ̀ pé, tí owó rẹ̀ hàn sójú pátákó, kò ní máa wá èrò kiri mọ́. Iṣẹ́ tí yóò kù fún un ni kó wá àyè tí èrò yóò dúró sí.